Ẹni Tí Yóò Bá Saka Gbé Ẹrù

Kí sáà 2024/25 tó parí ni gbogbo ọmọ Arsenal ti fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: sìtíráíkà. Ẹ wọ mọ́tò láti Ìwó Road lọ sí Challenge, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu èrò. Ẹ tan rédíò láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò eré ìdárayá, òun náà ni àwọn tó ń pè wọlé ń sọ. Ẹ bá wa ra sìtíráíkà, ẹ bá wa ra ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá sáwọ̀n. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé a nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. A nílò rẹ̀ gidi. Àmọ́ ohun tó ṣe wá lọ́ṣẹ́ ní sáà náà ju àìní sìtíráíkà lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ bóyá àwọn tí Arsenal rà ní ìsinmi ọdún 2025 dáa tàbí wọn ò dáa, ibi tí ọṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Selhurst Park, pápá Crystal Palace, ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọjọ́ ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́, torí 5-1 la na Crystal Palace. Ṣùgbọ́n eré ò tíì tó ìdajì wákàtí tí Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa ní apá ọ̀tún, fi dúró lójijì, tó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn itan ọ̀tún, tó jókòó sórí koríko. Ẹni tó bá ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìjókòó yẹn. Ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ máa ń yí gbirigbiri ni; ẹni tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já ló máa ń jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kúrò ní pápá lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pá méjì ló kì bọ abíyá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, a ò sì rí i mọ́ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì bá Fulham gbá, tó sì fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kó tó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pápá.

Kó tó ṣèṣe, góòlù mẹ́wàá tí àwọn ẹlòmíì gbá nínú Premier League ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti jáde wá bá wọn. Kérésìmesì ò tíì dé o. Ẹ wá ronú ohun tó túmọ̀ sí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò fún oṣù mẹ́ta ó lé, kí ẹni tó lè dí àyè rẹ̀ má sì sí. Ethan Nwaneri ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọmọ ọdún 17, ọmọ náà sì ṣe bẹbẹ. Ó gbá góòlù kan sáwọ̀n Brighton lóṣù Kìíní, ṣùgbọ́n iṣan mú òun náà nínú eré yẹn kan náà, kò sì lè padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìdajì eré. Ní ọjọ́ 12 oṣù yẹn, orúnkún Gabriel Jesus já nínú eré FA Cup pẹ̀lú Manchester United. Lóṣù Kejì, ẹ̀yìn itan Martinelli mú un ní Newcastle. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, wọ́n kó ẹgbẹ́ lọ sí Dubai kí ara wọn lè balẹ̀ nínú ooru, Kai Havertz fẹ́ dí bọ́ọ̀lù, iṣan tirẹ̀ náà já.

Ó wá ku ta ni? Mikel Merino, ẹni tí wọ́n rà láti máa gbá bọ́ọ̀lù ní àárín, ló di sìtíráíkà Arsenal. Ọkùnrin náà wọlé ní Leicester nígbà tí eré ti ń parí lọ, ó gbá méjì sáwọ̀n, gbogbo wa bú sáyọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, West Ham wá bá wa ní Emirates, pápá wa, wọ́n na wá 1-0. Ọjọ́ mẹ́rin sí i, a lọ gbá 0-0 ní Nottingham Forest. Mo wo méjèèjì ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan tí mo máa ń lọ ní Mọ́kọ́lá. Lọ́jọ́ West Ham yẹn, nígbà tí eré ku bí ogún ìṣẹ́jú, kámẹ́rà yí sí bẹ́ǹṣì wa, bàbá kan tó jókòó níwájú mi dìde, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ka orúkọ àwọn tó rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó débi àwọn ọmọ akadẹ́mì, kò mọ orúkọ wọn mọ́. Ó kàn ń sọ pé, "Èyí ńkọ́? Ta lèyí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí àwa náà ò mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni líìgì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ fún Liverpool. Ohun tí a kò ní lọ́jọ́ náà ni ẹni tó lè wọlé yí eré padà.

Nígbà tí wọ́n parí sáà, àmì 74 la ní, Liverpool ní 84. Ìgbà kẹta léra wọn nìyẹn tí a ń ṣe ipò kejì. Góòlù tí a gbá jẹ́ 69. Ní sáà tó ṣáájú rẹ̀, 91 ni. Eré tí a gbá ọ̀mì nínú rẹ̀ jẹ́ 14, eré mẹ́rin péré sì ni wọ́n fi na wá. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹgbẹ́ tí wọn ò na ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nínú eré 38, tí góòlù tó wọ àwọ̀n rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lọ, ìyẹn 34, kò dẹ̀ gba ife. Bí wọ́n bá sọ pé sìtíráíkà nìkan ló ń ṣe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí a gbá 91 yẹn, ta ni sìtíráíkà wa? Havertz àti Jesus náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́dún yẹn, ara Saka, ti Ødegaard, ti Martinelli àti ti Havertz le dé ìwọ̀n tó jẹ́ kí wọ́n lè máa gbá a lọ.

Ẹ̀bi yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejìlá. Ìsinmi ọdún 2024 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọ́n ta Eddie Nketiah fún Crystal Palace, wọ́n ta Smith Rowe fún Fulham, wọ́n yá Fulham kan náà ní Reiss Nelson, wọ́n yá Porto ní Fábio Vieira. Mẹ́rin ló jáde níwájú. Ẹnì kan ló wọlé: Raheem Sterling, tí wọ́n yá lọ́wọ́ Chelsea nígbà tí ọjà fẹ́ tú. Sterling jẹ́ ẹni ńlá nígbà tirẹ̀, mi ò ní tàbùkù rẹ̀, ṣùgbọ́n góòlù kan ṣoṣo ló gbá fún wa ní gbogbo sáà náà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, wọ́n fi sórí òrùlé, wọ́n sùn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Edu tó ń bójú tó ríra àti títà agbábọ́ọ̀lù kọ̀wé fipò sílẹ̀. Oṣù Kìíní dé, Jesus ṣèṣe, wọ́n lọ bá Aston Villa pé kí wọ́n ta Ollie Watkins fún wọn, Villa kọ̀ jálẹ̀. Ọjà tú, wọn ò mú ẹnikẹ́ni wálé. Oṣù Kẹta ni Andrea Berta tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà ní Atlético Madrid wá gba ipò Edu.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí a tó dá ẹjọ́ ìsinmi 2025, a ní láti mọ̀ pé nǹkan méjì ni Berta bá nílẹ̀. Ọ̀kan ni kó wá ẹni tó dáa ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Èkejì ni kó wá ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹni tó dáa jù náà lè sinmi. Àwa òǹwòran, àkọ́kọ́ là ń pariwo rẹ̀, torí òun ló máa ń dùn ún gbọ́ létí. Èkejì ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹgbẹ́ yìí, Saka sì ni gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọmọ yìí. Ìlú London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 2001, ní Ealing, Bukayo Ayoyinka ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀, wọn ò gbé ìwà ilé tì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n gòkè òkun. Láti kékeré ló ti wà ní akadẹ́mì Arsenal ní Hale End. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2023, eré Premier League 87 ló ti gbá léra wọn láìpa ọ̀kan jẹ́. Kò sí agbábọ́ọ̀lù Arsenal mìíràn tó ṣe irú ẹ̀ rí látìgbà tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi yìn ín. Èmi, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá a: difẹ́ńdà kan níwájú, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan á tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún sọ̀kẹ̀sì rẹ̀ ṣe, ó tún béèrè bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ṣe é, lọ́jọ́ Túsìdé nínú Champions League wọ́n tún ṣe é. Tí ìsinmi líìgì bá dé, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹran ara ni itan èèyàn.

Nígbà tí ìròyìn wá jáde lóṣù Keje pé Arsenal fẹ́ ra Noni Madueke lọ́wọ́ Chelsea, iye tó jẹ́ mílíọ̀nù 48.5 pọ́n-ùn kí àfikún tó wọ̀ ọ́, inú mi dùn. Ti àwọn tó kù ò dùn. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀hónú sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ò fẹ́ ẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òdì sára ògiri nítòsí pápá Emirates. Ọmọ ọdún 23, tí kò tíì wọ jẹ́sì wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, mo sì rò pé ó yẹ kó dun gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Arsenal.

Mo wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ Arsenal pọ́ńbélé ni, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ náà ló wà lára dígí rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí i? Gbogbo owó yẹn, lórí ẹni tí yóò máa jókòó!"

Mo ní, "Ta ló ní yóò máa jókòó?"

"Ṣé ó máa gba ipò Saka ni?"

"Kò ní gba ipò Saka. Eré mélòó lo rò pé Saka lè gbá ní sáà kan kí nǹkan má ṣe é?"

Ó gbé kílípà kúrò lórí mi. Ó dákẹ́, ó ń wò mí nínú dígí. Ó ní, "Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ Rodrygo ni wọ́n rà…"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ ńlá là ń fẹ́. Rodrygo ò ní kúrò ní Real Madrid wá jókòó de Saka ní Emirates. Ẹni tí a nílò ni ẹni tó dáa tó láti gbá eré ńlá, tó ṣì ń wá nǹkan jẹ, tó ń lo ẹsẹ̀ òsì láti apá ọ̀tún bíi Saka, kí ẹgbẹ́ má baà yí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù padà nígbà tí Saka ò bá sí, tó sì tún lè lọ sí apá òsì bí ó bá di dandan. Ẹ ka gbogbo ìyẹn, ẹ wá wò ó bóyá ẹ ó rí mẹ́ta ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Madueke yìí ló gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Wolves nínú ìdajì eré kan lóṣù Kẹjọ ọdún 2024. Kì í ṣe àwáwí ni wọ́n rà.

Àwọn tí wọ́n fi owó kékeré rà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n wà fún kò kéré. Kepa wá láti Chelsea ní mílíọ̀nù 5 kí David Raya, gólì wa, lè ní ẹni tó ń tì í lẹ́yìn. Christian Nørgaard, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, ọmọ ọdún 31, tó jẹ́ kápútìn Brentford, wá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Cristhian Mosquera wá láti Valencia ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 13, ọmọ ọdún 21. Lọ́jọ́ tí ọjà tú, wọ́n yá Piero Hincapié láti Leverkusen. Mosquera ni kí ẹ fi ojú sí. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ní Anfield, pápá Liverpool, eré ò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí difẹ́ńdà wa, William Saliba, fi jáde. Ní sáà 2024/25, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni yóò ti tú ẹgbẹ́ wa ká. Ọmọdé yìí wọlé bí ẹni pé ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, Liverpool ò sì rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fírí kíìkì Szoboszlai ló na wá, láti ọ̀nà jíjìn, kò sì sí difẹ́ńdà tí ìyẹn kàn.

Martín Zubimendi ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ rántí eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú PSG nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League, ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2025. A ti na Real Madrid 3-0 nílé, 2-1 lọ́dọ̀ wọn. Ọkàn gbogbo wa ti fò lọ sókè. Ṣùgbọ́n Thomas Partey gba káàdì ní Madrid, wọ́n dá a dúró fún eré tó kàn. PSG dé Emirates, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin Dembélé ti gbá kan sáwọ̀n, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko a ò rí bọ́ọ̀lù fi ẹsẹ̀ kàn. Àárín pápá wa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnì kan ṣoṣo ló jáde nínú ẹgbẹ́, àtàárí ẹgbẹ́ bá a lọ. Jorginho ti ń dàgbà, ó sì ti ń palẹ̀mọ́ lọ sí Flamengo ní Brazil. Nígbà tí oṣù Kẹfà parí, ìwé àdéhùn Partey náà parí, ó lọ.

Nítorí náà Zubimendi kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Liverpool ti wá a lọ́dún 2024, ó ní òun ò kúrò ní Real Sociedad. San Sebastián ni wọ́n bí i sí, ìlú Mikel Arteta, kóòṣì wa, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan náà, Antiguoko, ni àwọn méjèèjì sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni Spain fi rọ́pò Rodri ní ìdajì àṣekágbá Euro 2024, Saka wà lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n na lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń ṣe kò pariwo: yóò ti wẹ̀yìn wo ìgbà méjì kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá dé, ìfọwọ́kàn kan ni, ó ti lọ síwájú. Declan Rice wá lè sáré lọ síbi tó fẹ́ lọ, torí ó mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́lé. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, a bá Nottingham Forest gbá, Madueke gbá kọ́nà, wọ́n fi orí kàn án jáde, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti òkè, Zubimendi kò jẹ́ kó balẹ̀ tó fi gbá a láti etí gbàgede wọn. Àwọ̀n mì. Góòlù àkọ́kọ́ rẹ̀ fún wa nìyẹn, ó sì tún fi orí gbá òmíràn kí eré tó parí, 3-0.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ sìtíráíkà tí gbogbo ayé ń wá. Viktor Gyökeres gbá góòlù 54 nínú eré 52 fún Sporting ní Lisbon ní sáà 2024/25. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ló kó sáwọ̀n Manchester City lálẹ́ ọjọ́ kan. Arsenal san mílíọ̀nù 63.5 owó yúrò, pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 tó lè tẹ̀lé e, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà 14 tí Thierry Henry wọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ní sùúrù fún un. Líìgì Pọtogí kì í ṣe Premier League. Ní Old Trafford àti ní Anfield, àwọn difẹ́ńdà dì í mú pinpin. Ó gbá méjì sáwọ̀n Leeds, ó gbá kan sáwọ̀n Forest. Iṣẹ́ tó ń ṣe tí èèyàn kì í kà ni pé difẹ́ńdà méjì ló máa ń tẹ̀ lé e, torí alágbára ni, ó ń sáré lọ sí ẹ̀yìn wọn láìdúró. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Ødegaard àti Eze yóò máa jẹ.

Eze! Kò sí ọmọ Arsenal tí orí rẹ̀ ò wú. Eberechi Eze, tí Arsenal lé kúrò ní akadẹ́mì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, tó rìn láti ibì kan dé ibì kan títí QPR fi gbà á, tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já lọ́dún 2021, tó tún dìde, tó gbá góòlù tó gba FA Cup fún Crystal Palace lọ́wọ́ Manchester City lóṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ṣáájú ọjọ́ náà, Palace kò gba irú ife ńlá bẹ́ẹ̀ rí. Tottenham ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Orúnkún Havertz wá dùn ún lóṣù Kẹjọ, Arsenal yára dìde, wọ́n gbé mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn sílẹ̀ pẹ̀lú àfikún, ọmọ náà padà sílé. Bí mo bá yọ ayọ̀ kúrò níbẹ̀, mo ṣì gbà pé ó dáa. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀mì 14 wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ tí a bá gbá tilẹ̀kùn mọ́ra ni, àwa ń gbá bọ́ọ̀lù yí wọn ká títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ kan dá difẹ́ńdà dúró kó sì kọjá, òun ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Ibi tí mo ti bínú sí wọn ni títà. Owó tí wọ́n ná sún mọ́ mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn, owó tó wọlé kò tó nǹkan. Vieira lọ sí Hamburg ní àyálò, Zinchenko lọ sí Forest ní àyálò, Nelson lọ sí Brentford ní àyálò, Kiwior lọ sí Porto ní àyálò. Tomiyasu lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ń kọ mí lóminú. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra èèyàn ní mílíọ̀nù 60, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 12 ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá ta ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní akadẹ́mì, gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n ó kọ sílẹ̀ bí èrè lẹ́ẹ̀kan náà. Títí dé sáà 2025/26, òfin Premier League ò sì gbà kí ẹgbẹ́ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ àwọn àgbà í tà, bó pẹ́ bó yá, àwọn ọmọ Hale End ni ojú wọn yóò lọ sí. Wọ́n ti fún Nwaneri àti Lewis-Skelly ní ìwé àdéhùn tuntun nígbà ìsinmi ọdún 2025, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kì í gbá bọ́ọ̀lù. Eze dé, Madueke dé, ibo ni Nwaneri yóò ti gbá?

Ẹ̀rí ohun tí mo ń sọ nípa bẹ́ǹṣì kò pẹ́ dé. Lọ́jọ́ tí a na Leeds 5-0, Saka gbá kan sáwọ̀n, kò pẹ́ ẹ̀yìn itan tún mú un. Ti òsì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn mi já pàà. Ṣùgbọ́n ní sáà 2025/26, Madueke ló bẹ̀rẹ̀ ní Anfield, òun ló sì dá Forest láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín eré méjèèjì, ó wọ jẹ́sì Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Serbia, ó gbá góòlù kan nínú márùn-ún tí wọ́n fi na wọ́n. Wọn ò fi ipá mú Saka padà. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ní Bilbao, eré ti wọ ìdajì kejì dáadáa, 0-0. Arteta ju Martinelli sínú pápá. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, Martinelli ti gbá a sáwọ̀n. Nígbà tó yá, ó gbé bọ́ọ̀lù fún Trossard, ẹlòmíì tó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ìyẹn náà gbá a wọlé. Ọjọ́ karùn-ún, Manchester City wá bá wa nílé, Haaland gbá ọ̀kan kíákíá, wọ́n wá kó ara wọn sẹ́yìn bí ẹni pé wọn kì í ṣe City. Ní ìdajì eré, Saka àti Eze wọlé. Ní ìṣẹ́jú kẹta lẹ́yìn 90, Eze gbé bọ́ọ̀lù gba orí gbogbo wọn, Martinelli sáré sí i, ó fi ẹsẹ̀ gbé e kọjá lórí Donnarumma, gólì City. 1-1. Àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ eré ló ṣe é, láti ẹni tó gbé e sílẹ̀ dé ẹni tó gbá a.

Madueke ló jáde fún Saka lọ́jọ́ City yẹn, orúnkún ló ń dùn ún, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a ti fi owó ṣòfò. Rárá o. Eré tó gbá nígbà tí Saka ń gbàtọ́jú ni ohun tí a rà á fún, ó sì gbá wọn dáadáa.

Apá òsì ló kù tí mo rò pé wọn ò tíì ṣe tán nígbà tí ọjà ọdún 2025 tú. Martinelli ń sáré, Trossard gbọ́n, àwọn méjèèjì wúlò nígbà tí eré bá ti ń parí lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí difẹ́ńdà ń bẹ̀rù láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù Saka ní ọ̀tún. Nítorí náà gbogbo ìjà ṣì ń rọ́ lọ sí apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tá ń kó èèyàn méjì-mẹ́ta sí. Eze lè lọ síbẹ̀, àmọ́ àárín pápá ló ń fẹ́ wọ̀. Mi ò ní kí wọ́n tún lọ gbé mílíọ̀nù 80 sílẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2026. Ohun tí mo fẹ́ nígbà náà ni kí wọ́n gbé Nwaneri wọlé nínú Carabao Cup àti FA Cup, kí wọ́n má sì ta Martinelli títí sáà yóò fi parí, kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ eré ní òsì.

Èyí tó ṣe kókó ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú mi kì í ṣe ti ríra rárá. Nígbà tí ìsinmi ọdún 2025 parí, oṣù Kẹfà ọdún 2027 ni ìwé àdéhùn Saka àti ti Saliba ṣì máa parí. Ohun tí mo fẹ́ nígbà náà ni pé kí ìsinmi ọdún 2026 tó dé, kí Berta jókòó pẹ̀lú Saka, kí wọ́n fún un ní ohun tó bá béèrè, kó fọwọ́ sí i.